Apọ́nmọ Kan Ṣì Ń Dún

Sí Agbọ́gi, àbúrò mi kan ṣoṣo,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí ọmọ àti ọmọ-ọmọ tó wà lábẹ́ òrùlé rẹ. Ṣé ara yá? Ṣé orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ ti rọ̀? Èmi wà bí mo ṣe wà. Ojú mi kan ń ríran, èkejì ń bá a ṣeré. Eyín mi ti dín, ṣùgbọ́n ahọ́n ò dín, o sì mọ̀ pé òun ni mo fi ń jà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé a jọ wà lókè eèpẹ̀, tí a ṣì lè máa kọ̀wé síra wa.

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ìyàwó ọmọ mi ní kí n jẹ́ kí òun kà á fún mi, kí òun sì bá mi kọ èsì. Mo ní kó lọ jókòó. Lóòótọ́, mi ò pẹ́ nílé ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èmi àti ẹni tí mo fi ẹ̀yìn mi pọ̀n kò gba alágbàsọ. Tí o bá rí ibi tí lẹ́tà ti tẹ̀, tò ó fúnra rẹ. O gbọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Mo ka ibi tí o ti ní o máa kó àpótí irinṣẹ́ rẹ fún ọkùnrin tó ń ra irin àlòkù, nígbà tó bá tún yípo dé àdúgbò yín. O ní àyè tó gbà nínú yàrá ti pọ̀ jù, o ní kí lo tún fẹ́ fi wọ́n ṣe. Ìyẹn kọ́ ló dùn mí. Èyí tí o fi tẹ̀ lé e ló dùn mí, ọ̀rọ̀ kan náà tí o sọ lọ́jọ́ tí a sin ọkọ mi, tí èmi àti ìwọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn ilé: "Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo ohun tí mo fi ọwọ́ mi ṣe láyé yìí ló ti wó. Ọ̀kan ò kù." Mi ò dá ọ lóhùn lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe pé mo gbà. Mo fẹ́ lọ wá èsì rẹ̀ ni. Mo ti rí i wàyí, òun ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Má fún onírin ní ohunkóhun títí o máa fi kà á dópin.

Ṣé o ṣì rántí yàrá iṣẹ́ wa? Èmi ò gbàgbé ohun kan níbẹ̀. Yàrá gígùn tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń rán bàtà, àtẹ̀gùn onípákó tó máa ń ké bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ìkòkò gúlù tó ń hó lórí iná kékeré, tí òórùn rẹ̀ máa ń bá wa délé, tí Ìyá á fi ní kí a bọ́ aṣọ síta. Ojú fèrèsé ni wọ́n fi mí sí, nítorí ẹni tó ń kun igi nílò ìmọ́lẹ̀. Ìwọ wà lẹ́yìn mi, nídìí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, tí ò ń fi ìfági fá pákó títí tó fi tín-ín-rín. Wàá fá a díẹ̀, wàá gbé e sétí, wàá fi ìka kàn án, kó-kó-kó, wàá tún fá a. Àwọn yòókù ń fi rúlà wọn igi, ìwọ ń fi etí wọ̀n ọ́n. Láti kékeré lo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí ilẹ̀kùn, kò sí àga, kò sí ìdí ọpọ́n tí o kò kàn wò nílé wa. Òun ni Bàbá fi sọ ọ́ ní Agbọ́gi, ó ní ọmọ yìí ń gbọ́ ohun tí igi ń wí.

Níbẹ̀ lo ti ṣe Apọ́nmọ. Gìtá kékeré tí ìbàdí rẹ̀ fún, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ rọ̀bọ̀tọ̀. Ihò àyà rẹ̀ kò rí róbótó bíi ti gìtá tó kù. Ó gùn díẹ̀ bí ẹyin adìyẹ, nítorí ọwọ́ rẹ yẹ̀ nígbà tí ò ń gé ti àkọ́kọ́, o sì wá fá etí rẹ̀ títí tó fi dára wò. O ní ohùn rẹ̀ gan-an ló tún jinlẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ lo ṣe ń gé gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ tí o gbé e sókè kí gbogbo ilé rí i, bàbá tó ń la pákó fún wa wo ẹ̀yìn gìtá náà, ó wò mí, ó tún wo ẹ̀yìn gìtá. Ó ní, "Ẹ wo nǹkan! Ẹ̀gbọ́n rẹ lo gbẹ́ sígi yìí, níbi tó ti pọ̀n ọ́." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìwọ ò rẹ́rìn-ín, o kàn tẹrí ba, nígbà náà ni mo mọ̀ pé bàbá yẹn ò parọ́. Apọ́nmọ la bẹ̀rẹ̀ sí í pè é, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára láti ọjọ́ yẹn.

Èmi ni mo kun gbogbo wọn. O rántí ohun tí mo fi ń kùn wọ́n? Ọ̀já aláró yẹn ni, èyí tí mo fi ń pọ̀n ọ́ nígbà tí Ìyá bá ti lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tó gbó tí kò lè di ọmọ mú mọ́, mo gé e, mo ká a róbótó, mo ń fi í rẹ fáníìṣì. Aṣọ tuntun ni àwọn yòókù ń lò. Mo ní aṣọ tó bá ti gba ẹkún ọmọ àti ìtọ̀ ọmọ, kò sí ohun tó rọ̀ tó o láyé. O ní kí n jọ̀ọ́, kí n má dárúkọ ìtọ̀ níwájú oníbàárà.

Wàyí o, a ó jọ sọ ohun tó bà wọ́n jẹ́, nítorí ìwọ ti ń sọ ọ́ lódì fún ara rẹ láti ọjọ́ yìí wá. Okùn rírọ̀ lo ṣe Apọ́nmọ fún. Ẹnikẹ́ni tó bá wá ra ọ̀kan, o kì í jẹ́ kó gbé e lọ láì sọ fún un pé: "Tí ẹ bá ta á tán, ẹ tú okùn rẹ̀ kó sùn. Igi tó fẹ́lẹ́ báyìí ń ṣiṣẹ́ ju èmi àti ẹ̀yin lọ." Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹlẹ́nu-Dídùn, ló ní kí o yéé dẹ́rù ba oníbàárà. Ó ní, "Ta ló fẹ́ ra gìtá tó ń sùn? Ṣé ewúrẹ́ ni, tí wọ́n á máa so, tí wọ́n á máa tú?" Ó bọ́ okùn rírọ̀ kúrò lára wọn, ó fi wáyà tó ń fa igi lágbára sí i, nítorí àwọn tó ń ta gìtá níbi ijó ń fẹ́ ariwo. O bẹ̀ ẹ́. Èmi náà bẹ̀ ẹ́, èmi tí mi ò kì í bẹ̀yàn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn padà wá, tí àyà wọn ti wọlé, tí a ń tò wọ́n sí igun yàrá bí òkú ẹyẹ. Ẹlẹ́nu-Dídùn wá dúró láàárín wa, ó nàka sí ọ, ó ní, "Ọwọ́ rẹ ló wó wọn." O bọ́ épírọ́ọ̀nù rẹ, o fi kọ́ orí ìṣó, o gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ, o sọ̀ kalẹ̀. Mo gbọ́ bí àtẹ̀gùn yẹn ṣe ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ dé ìsàlẹ̀. O lọ ń wa ọkọ̀ akẹ́rù títí o fi fẹ̀yìn tì, mi ò sì rí ọ kí o kan igi wò mọ́ láti ìgbà náà.

Èmi náà kò pẹ́ níbẹ̀ lẹ́yìn rẹ. Mo da fáníìṣì sínú bàtà Ẹlẹ́nu-Dídùn níbi tó bọ́ ọ sí, mo bá tèmi lọ. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní.

Lẹ́yìn tí a sin ọkọ mi, tí mo ń wá èsì fún ọ, onígbàjámọ̀ kan ló kọ́kọ́ là mí lójú. Mò ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo rí ihò bí ẹyin lára ògiri, lókè dígí. Mo wọlé. Ọkùnrin kan jókòó sórí àga tí ọṣẹ kún ojú rẹ̀, mo ní kó yẹra fún mi díẹ̀. Onígbàjámọ̀ ní, "Ìyá, a kì í gẹ irun obìnrin níbí o." Mo ní, "Irun ta ni? Gbé gìtá yẹn wá." Ó ní ti bàbá òun tó ti kú ni, ọ̀ṣọ́ lásán ni, kì í dún. Bó ṣe gbé e lé mi lọ́wọ́, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n. Apọ́nmọ ni. Ṣùgbọ́n wáyà ṣì wà lára rẹ̀, ó ń fà á láti ayé bàbá rẹ̀, àyà rẹ̀ sì ti jìn bí ẹnu arúgbó tí kò léyín. Mo kàn án bí o ṣe máa ń ṣe. Kò dáhùn. Mo dá a padà fún un, mo ní kó tú okùn yẹn, kó jẹ́ kí òkú sinmi. Ẹni tó ní ọṣẹ lójú ní, "Ìyá yìí mà le o." Mo ní kó gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè fún abẹ.

Onígbàjámọ̀ náà ṣe èèyàn ṣá. Ó ní ọ̀rẹ́ bàbá òun kan ṣì wà láàyè, tí wọ́n jọ ń ṣeré níbi ijó, ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ń gbé, Onífèrè ni wọ́n ń pè é. Mo lọ bá a. Kò léyín tó lè fi fọn fèrè mọ́, ẹnu ló kù tó ń fọn. Ó mọ gbogbo Apọ́nmọ bí ẹni mọ ọmọ àdúgbò. Ó ní ọ̀kan jóná pẹ̀lú ilé. Ọ̀kan bọ́ sódò. Ọ̀kan, ìyàwó ló fi lu ọkọ lórí, orí ò sì fọ́. Mo ní, "Orí wo ni ò fọ́?" Ó ní, "Ti ọkọ ni. Gìtá ló fọ́. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń sọ pé gìtá yẹn ò lágbára." Mo dìde dúró. Mo ní àbúrò mi ló ṣe é, ẹni tó bá ní kò lágbára kó gbé orí tirẹ̀ wá ká tún un wò. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ń wúkọ́, ó ní kí n jọ̀wọ́ jókòó, òun ti mọ ẹni tó da fáníìṣì sínú bàtà Ẹlẹ́nu-Dídùn wàyí. Ó fún mi ní ibi méjì tí mo lè wò. Ó ní tí kò bá sí níbẹ̀, kí n gba Ọlọ́run gbọ́ kí n lọ sùn.

Ibi kìíní ni ọ̀dọ̀ aránṣọ kan tó ń gbé lókè ilé ìṣebúrẹ́dì. Ọkọ rẹ̀ ló ni gìtá náà. Ọrùn rẹ̀ ti dá nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù, láti ìgbà tó ṣì jẹ́ tuntun, obìnrin náà sì fi ayùn gé ìyókù ọrùn kúrò, ó ń gba ojú ihò ẹyin yẹn sọ bọ́tìnì sínú rẹ̀. Inú kọ́kọ́ bí mi. Àfi bí mo ṣe gbé e sórí itan mi. Agbọ́gi, àyà rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ! Kò sí ibi tó jìn, kò sí ibi tó wú, bí o ṣe fá a sílẹ̀ ló wà. Mo kàn án, ó dáhùn, òun àti bọ́tìnì inú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti yé mi yékéyéké. Èyí tí wáyà fà ló wó. Èyí tí wáyà ò fà kò wó. Kí ló wá kan ọwọ́ rẹ níbẹ̀? Omi bọ́ lójú mi, aránṣọ sì ń wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní, "Ìyá, àbí bọ́tìnì yín kan ló wà níbẹ̀ ni?"

Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀. Mo ti rí èsì. Ṣùgbọ́n àpótí bọ́tìnì kọ́ ni o ṣe, gìtá ni o ṣe, mo sì fẹ́ fi etí mi gbọ́ ọ kí n tó kú. Mo bá lọ sí ibi kejì.

Agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń gbé ibẹ̀, nínú ilé kékeré lẹ́bàá ojú irin rélùwéè. Ẹgbẹ́ mi ni, òun náà le bíi tèmi. Òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọmọ tuntun ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀, ó to àlùbọ́sà sínú rẹ̀. Mo sọ ohun tí mo bá wá. Ó wọ yàrá, ó gbé gìtá náà jáde nínú aṣọ ìbora ọmọdé. Gbogbo okùn rẹ̀ ló tú sílẹ̀. Ó jókòó, ó ń fa okùn náà le lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fetí sí i, kò yára. Ó ní, "Ọmọkùnrin kan ló tà á fún mi nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́. Ó tín-ín-rín bí ọwọ̀ ìgbálẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó kan gìtá náà létí mi, ó ní kí n gbọ́. Ó wá ní tí mo bá ta á tán, kí n tú u kó sùn. Iṣẹ́ mi ni kí n máa sọ fún abiyamọ pé kó sùn, wọn kì í gbọ́ tèmi. Mo ní ó kéré tán, ọ̀kan á sùn." Ó ní ìgbà tí ìrọbí bá pẹ́ ni òun máa ń ta á fún àwọn aláboyún, àti pé kò sí ìgbà kan tí òun ta á tí òun ò tú u.

Ó wá ta á. Mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́. Ṣe ni mo tún wà lójú fèrèsé, fáníìṣì ń bẹ lọ́wọ́ mi, ìwọ wà lẹ́yìn mi nídìí tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dọ́gba yẹn, Ìyá ṣì wà láàyè, ilé ń dúró dè wá. Ohùn yẹn kò gbó. Àwa la gbó.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí, nítorí òun gan-an ni mo ṣe ń pariwo. Nígbà tó kan okùn kẹta, nǹkan kan ń gbọ̀n nínú rẹ̀ bí eṣinṣin tó há sínú ìgò. Ọ̀kan nínú àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí o fi ṣe ìhà sábẹ́ àyà rẹ̀ ti ń ṣí. Agbẹ̀bí ní ó ti ń pọ̀ sí i. Tí ìhà yẹn bá já, ìwọ náà mọ̀ pé àyà á tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ rẹ á wá di òótọ́ pé ọ̀kan ò kù. Ó ti gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn atúngìtáṣe. Ọwọ́ wọn ò gba inú ihò yẹn wọlé, irin wọn ò dé ibẹ̀. Ẹnì kan ní àfi kí òun fi ayùn la ẹ̀yìn rẹ̀. Agbẹ̀bí ní, "Mo lé e jáde. Mi ò gba kí wọ́n fi abẹ la èyí tó lè bí wẹ́rẹ́."

Mo mọ irin tó dé ibẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Irin ọlọ́rùn wíwọ́ tí o fúnra rẹ rọ nítorí ihò ẹyin yẹn, tí o fi awọ we ìdí rẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn láyé. Ó wà nínú àpótí tí o fẹ́ kó fún onírin.

Mo sọ fún agbẹ̀bí pé ọmọkùnrin tó tín-ín-rín yẹn ṣì wà láàyè, àbúrò mi ni. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ó wà láàyè? Kí ló wá dé tí kò tíì wá wò ó?" Mo ní ó ń bọ̀. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un, o ò gbọdọ̀ sọ mí di onírọ́ lọ́jọ́ ogbó.

Nítorí náà, wá. Má sọ̀rọ̀ orúnkún fún mi, orúnkún tó wa ọkọ̀ akẹ́rù títí á lè wọ ọkọ̀ èrò wá. Mo ti ṣí fèrèsé yàrá tó kọjú sí ọgbà, mo ti sá bẹ́ẹ̀dì rẹ sóòrùn. Ra gúlù gidi bọ̀, má ra ti inú túùbù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa méjèèjì la kù lọ́jà yìí.

Ọlọ́run á mú ọ dé láyọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ̀ lọ́nà. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n nígbà tí o bá ki irin yẹn bọ inú ihò. Iṣẹ́ rẹ á pẹ́ jù ọ́ lọ, á pẹ́ ju èmi náà lọ, ọmọ tí a kò mọ̀ á fi í jó.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́, tí kò tíì sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: ní ìdí ọrùn gìtá agbẹ̀bí, níbi tí ọrùn ti pàdé ara, fọ́nrán òwú aláró kan wà lábẹ́ fáníìṣì. Ara ọ̀já yẹn ló ti bọ́ nígbà tí mò ń kùn ún. Mo fẹ́ fi sáńpépà ha á kúrò nígbà náà, ìwọ lo ní kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fi ìka wá a lọ́jọ́ náà, mo rí i. Ọ̀já náà ò tíì já.